Ohùn synthesizer tí mo ń tò kì í kú tán: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí envelope

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí sáàkíìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Synthesizer kan (ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ohùn orin) ni mo ń fọwọ́ ara mi tò, bátìrì fólítì 9 ló ń gbé e. Oscillator rẹ̀, èyí tó ń dá ohùn náà, ń ké dáadáa. Envelope, èyí tó ń darí bí ohùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń kú, ló ń yọ mí lẹ́nu.

Bí mo ṣe tò ó rèé: tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, iná á gba dáyóòdù 1N4148 (tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn) àti pot 1M (rẹ̀sísítọ̀ tí a lè yí) kọjá, á máa kún inú kàpásítọ̀ 1µF. Tí mo bá tú bọ́tìnnì sílẹ̀, á gba dáyóòdù kejì àti pot tirẹ̀ jáde. TL072, ṣíípù op-amp kan, ló ń gbé fólítì náà lọ sí VCA, èyí tó ń fi fólítì darí bí ohùn ṣe pọ̀ tó. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ mi. Tí mo bá yí pot àkọ́kọ́ dé òdo, gbì ló ń dún, bí ẹni lu gúdúgúdú.

Àmọ́ ohùn náà kì í kú tán. Mítà ní ó ṣì ku bíi fólítì 0.5 lórí kàpásítọ̀. Lẹ́nu TL072, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fura sí dáyóòdù, torí iná tó bá ti kéré báyẹn kì í lè gbà á kọjá dáadáa mọ́. TL072 náà kì í sọ̀kalẹ̀ dé òdo lórí bátìrì kan ṣoṣo.

Ṣé kí n fi LM324, op-amp mìíràn, rọ́pò rẹ̀ ni, àbí kí n yọ dáyóòdù kejì, kí n fi transistor tú kàpásítọ̀ náà? Ta ló ti fi 7555, ṣíípù tó ń ka àkókò, tò ó rí? Mi ò wá ADSR (envelope onípele mẹ́rin) o, attack (bí ohùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀) àti release (bó ṣe ń kú) tó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Títò yẹn gan-an ni mo fẹ́.