Oúnjẹ oṣù kan nínú ilé: ẹ bá mi dá sí i

TíṣàGbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mo wà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Àwa márùn-ún la wà nínú ilé: èmi, àwọn ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ọkọ mi tí eyín rẹ̀ kò gba nǹkan líle mọ́. Àbújá ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí ọ̀nà bá dáa ló ń wálé.

Ẹ̀yin náà rí Ọ̀kítóbà 2022, nígbà tí omi bo ọ̀nà Lókọ́jà sí Koton-Karfe. Ọ̀nà òkè ọ̀hún ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà wa ń gbà wá, ẹ sì mọ ohun tí ojú wa rí lọ́jà. Ṣáájú ìyẹn, kónílé-ó-gbélé ti 2020. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí náírà ṣọ̀wọ́n, tí ènìyàn lówó ní báńkì tí kò rí èyí tí yóò fi ra gààrí. Kò sí èyí tó kìlọ̀ fún wa dáadáa kó tó dé.

Mo fẹ́ kí oúnjẹ oṣù kan wà nílẹ̀, láti Nòfẹ́ńbà yìí lọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n tí màá rà? Kí ni mo lè ṣe tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ̀wà, láìfi oògùn sí i, torí ọmọ wà nílé? Fíríìjì wà o, àmọ́ ẹ mọ iná tiwa.

ỌmọÌsánlú

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ra phostoxin, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ọkà, ẹ fi sínú àpò ẹ̀wà, ẹ di ẹnu ẹ̀ pa. Kòkòrò kankan ò ní dé ibẹ̀. Ẹ wá ra páálí índómì mẹ́ta kún un. Ó parí.

Ìyá Ẹlẹ́wà Kàbà

ỌmọÌsánlú, o ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má kọ́ ìyá ọlọ́mọ ní ìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, gáàsì ló ń dà. Gáàsì tó ń pa kòkòrò náà ló ń pa ẹni tó bá sùn sí yàrá kan náà, kò sì sí oògùn kan pàtó tí ọsibítù fi ń ṣẹ́gun oró rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ló wà fún. Ọ̀tápíápíá tí àwọn kan ń wọ́n sí ẹ̀wà tún wá burú, torí ara oúnjẹ gan-an ni wọ́n ń da májèlé sí. Mo ti ń ta ẹ̀wà ní Kàbà kí àbíkẹ́yìn mi tó rìn, ọmọ yunifásítì ni báyìí. Àpò tó bá ti ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, mi ò ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látorí ọkọ̀.

Tíṣà, ẹ gbọ́ bí kòkòrò ṣe ń débẹ̀. Láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà wá. Yóò yé ẹyin sára èèpo, ìdin rẹ̀ yóò dá inú ẹ̀wà lu, yóò máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan yóò ti inú ihò roboto yẹn jáde. Ẹ̀wà tí ẹ rà lónìí, tó mọ́ lóló, ẹyin lè wà lára rẹ̀. Ẹ mú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ nínú oòrùn: bí ẹ bá rí nǹkan funfun bíńtín tó lẹ̀ mọ́ èèpo, òun nìyẹn.

Ohun méjì ló ń pa á láìsí oògùn, ooru àti àìrí afẹ́fẹ́ mí. Ti ooru, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ da ẹ̀wà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wá fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yí ká. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú. Bí abẹ́ ọ̀rá bá gbóná tó ìwọ̀n 57 Celsius fún wákàtí kan, àti ẹyin, àti ìdin, àti àgbà wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń kú. Mi ò ní ohun tí mo fi ń wọn ooru; mo máa ń fi í síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ kúrò lórí. Ẹ jẹ́ kó tutù pátá kí ẹ tó kó o. Bí ẹ bá kó o ní gbígbóná, yóò làágùn sínú ohun tí ẹ kó o sí, ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti afẹ́fẹ́, báàgì PICS ni àwa oníṣòwò ń lò. Larry Murdock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù láàárín ọdún 1980 sí 1989, torí ẹ̀wà gan-an. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò kan lóde. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò gbẹ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ di ọ̀rá méjèèjì: ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ so ó le, kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kàn fowó ra ọ̀rá lásán ni.

Ṣùgbọ́n fún ilé ènìyàn márùn-ún, mi ò gbà yín níyànjú àpò ńlá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u láti bu ẹ̀wà ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí ìdérí rẹ̀ le ni kí ẹ wá. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ kọ oòrùn títí ìsàlẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ máa rọ ẹ̀wà sí i, ẹ máa mì ín kó lè jókòó, títí yóò fi kan ẹnu. Ẹ ta ọ̀rá sẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Kẹ́ẹ̀gì kan tán, kí ẹ tó ṣí òmíràn. Èyí tó ti gbé kẹrosíìnì tàbí oògùn igbó rí, kó má dé ìdí oúnjẹ, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ti ìwọ̀n: WFP, àjọ tó ń bọ́ àwọn tí ogun tàbí omi lé kúrò nílé, máa ń fún ẹnì kan lójúmọ́ ní nǹkan bí 400 gíráàmù ọkà, 60 gíráàmù ẹ̀wà, 25 gíráàmù òróró, 5 gíráàmù iyọ̀. Ènìyàn márùn-ún fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn jẹ́ 60 kílò ọkà, 9 kílò ẹ̀wà, òróró bíi lítà mẹ́rin, iyọ̀ tí kò pé kílò kan. Ohun tí wọ́n pè ní ọkà yẹn, ẹ lè pín in sí ìrẹsì, gààrí àti èlùbọ́. Ní tèmi, 9 kílò ẹ̀wà kéré fún ilé ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ di 15, kí ẹ yọ díẹ̀ nínú gààrí. Gààrí ń fúnni lágbára, kò ń mú ọmọ dàgbà. (Ẹ má wí pé torí èmi ni mo ń ta ẹ̀wà.)

Nòfẹ́ńbà tí ẹ mú yẹn dáa. Ẹ̀wà tuntun ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọ̀hún nígbà náà, ọyẹ́ sì ń bọ̀ tí yóò bá yín gbẹ ẹ́.

Índómì? Ọmọ yóò rí páálí náà lọ́jọ́ Ajé, yóò tán lọ́jọ́ Ẹtì.

Àgbẹ̀Ìjùmú

Ìyá ti sọ ti ẹ̀wà tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti àgbàdo kún un. Ẹ má fi eyín nìkan dán gbígbẹ rẹ̀ wò. Ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí i pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo, ẹ tún sá a. Bí kò bá lẹ̀, ẹ lè kó o pamọ́.

Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ má ṣà á jẹ, ẹ má sì kó o fún adìyẹ. Májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin ń wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, sísè kì í sì í mú un kúrò.

Iṣu náà wà níbẹ̀, ṣé ọmọ Òkun, àwa Yorùbá Kogí, lè dákẹ́ iyán? Èyí tí ọkọ́ bá gé lára, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni kí ẹ tò sórí pẹpẹ, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ó má kan sìmẹ́ńtì. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ máa ṣẹ́ ọmọ tó bá yọ lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìMọ̀pà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ò tíì dárúkọ omi. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu àti sísè. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta tí ẹ ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀ á gbé ènìyàn márùn-ún kọjá ọjọ́ mẹ́ta, bí pọ́ńpù bá bàjẹ́ tàbí tí kò sí iná tí yóò fà á. Bí ẹ bá máa fi bílíìṣì tọ́jú omi kànga, kó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn dídùn, kí ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 5 tàbí 6 nínú 100, ẹ̀kán méjì fún lítà kan omi tó mọ́, kí ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Àǹtí, ti ìyá ọkọ yín: ẹ sá ògì kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ̀wà tí ẹ bá bó tí ẹ lọ̀ á ṣe gbẹ̀gìrì tí wọn ò ní fi eyín jẹ. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má jẹ́ ọjọ́ tó bá tán ni ẹ máa wá a. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ti ọ̀sẹ̀ méjì wà níwájú. Ẹ kọ ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru sára ògiri kíṣìnì: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró de ìgbà tí ọ̀nà bá ṣí.

Ìkòkò èédú kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n tì, ní òjò tàbí ní ọyẹ́.

TíṣàGbẹ̀dẹ̀

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ìyá, epo pupa àti ẹ̀gúsí ńkọ́? Mo tún ní ìṣòro kan tí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́: ilé wa kì í ṣófo. Bí wọ́n bá mọ̀ pé oúnjẹ wà nílẹ̀, mi ò lè sọ pé kò sí.

Ìyá Ẹlẹ́wà Kàbà

Ẹ dúró de ìgbà tí epo bá pọ̀, láti Fẹ́búárì lọ dé Méè. Kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ẹnu ni, níbi tó ṣókùnkùn. Kẹ́ẹ̀gì tó kù sí àárín tètè máa ń kan. Ẹ̀gúsí, ẹ ra oníkarawun, èyí tí ẹ máa sè nìkan ni kí ẹ bó. Òrúnlá, ata gbígbẹ àti irú tí ẹ fi iyọ̀ sí kò gba àyè, ẹ má fojú kéré wọn, àwọn ni kò ní jẹ́ kí gààrí sú àwọn ọmọ.

Ti àlejò, ọmọ mi, ẹni tí ebi ń pa kò ṣeé lé. Èmi máa ń ní kẹ́ẹ̀gì kan lọ́tọ̀ fún un, kékeré, nínú kíṣìnì, ojú gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni mo ti ń bù fúnni. Àwọn yòókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo kọ oṣù tí mo kó wọn sí ara wọn, ti iwájú ni mò ń kọ́kọ́ fà jáde. Bí èyí tó wà ní kíṣìnì bá tán, mo ti fún wọn ní tiwọn, mi ò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ yọjú sí mi tí ẹ bá wá sí Kàbà. Mo ní kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, ọ̀fẹ́ ni.