Paraglider ń wọ́ mi nílẹ̀ bí atẹ́gùn bá le

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Brighton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, orí òkè Devil's Dyke ni mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń darí paraglider, ìyẹn aṣọ ńlá olókùn bíi páráṣúùtì tí a fi ń fò, lórí ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá rọra ń fẹ́, mo máa ń kọjú sí aṣọ rẹ̀, á dìde, á sì dúró sókè orí mi. Inú mi máa ń dùn gan-an! Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti tó máìlì 15 ní wákàtí kan, ńṣe ló máa ń já mi gbà, á wọ́ mi gba orí koríko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbọ̀nwọ́ mi bó.

Mo fa bíréèkì méjèèjì, ìyẹn okùn ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì tó ń fa ẹ̀yìn aṣọ náà wálẹ̀, àfi bíi pé mo ní kó túbọ̀ wọ́ mi. Mo sáré tọ aṣọ náà lọ kí okùn lè dẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Akoto àti ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lára mi.

Ẹnìkan ní okùn ìlà C, ìyẹn ìlà okùn kẹta láti iwájú aṣọ náà, ni kí n máa fà. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ṣé òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ fà kí aṣọ náà tó gbé mi, àbí bíréèkì ni?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.