Aṣọ àbí owó, kí la máa fi ránṣẹ́ sí Maiduguri?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, látìgbà tí dáàmù Alau ti ya ní September 2024, tí omi sì bo Maiduguri, ni wọ́n ti ń kó àkísà jọ ládùúgbò wa, ṣé òun náà la máa gbé lọ?

Bàbá Ìbejì: Owó jàre! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sá fún Boko Haram tẹ́lẹ̀ kí omi tó tún lé wọn ní káńpù, lónìí oògùn, lọ́la owó ọkọ̀, àwọn ló mọ èyí tó ká wọn lára. Tọ́jà bá ti ṣí ṣá o.

Nọ́ọ̀sì: Omi wọ ṣáláńgá, ó gbé ìgbẹ́ wọ kànga, kọ́lẹ́rà sì tẹ̀lé e. Ọṣẹ, kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, àti kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ṣe pàtàkì.

Àbẹ̀kẹ́: Ta la máa wá sanwó fún?

Bàbá Ìbejì: Red Cross wà ní Borno, ẹ mú àkáǹtì lórí sáìtì wọn fúnra yín, kì í ṣe ti WhatsApp o.