Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń dùn mí látìgbà tí mo ti wọ bàtà ìsáré pẹlẹbẹ

Kàrímù, Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré ni mo fẹ́ bi. Ìdájí ni mo máa ń jáde, láti Wándó bọ́ sí ọ̀nà Àjàrá, kí oòrùn tó mú. Bàtà mi àtijọ́ nípọn ní gìgísẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé wá fi irú èyí tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ ránṣẹ́: àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́, gìgísẹ̀ àti iwájú ẹ̀ dọ́gba, o lè ká a sínú àpò ṣòkòtò. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀ gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ tó ti dé ni mo ti ń fi sá gbogbo ọ̀nà tí mo máa ń sá. Ó fúyẹ́, ó dùn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi kọ́kọ́ le gbandi, mo ní ara á mọ́ ọn. Ó sì mọ́ ọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báyìí, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn mí, níbi tí okùn bàtà ń gbà kọjá, ní ọ̀gangan ìka kejì. Ojú kan ṣoṣo ni. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, màá ta kìjí. Ó wú díẹ̀. Tí mo bá ń sáré lọ, ó máa ń rọlẹ̀. Tó bá di alẹ́, ó tún dé.

Ṣé kí n máa sá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi mọ́ ọn? Eré ìdíje kan ń bọ̀ ní Kútọnu, mo sì ti sanwó ẹ̀.

Alájì Múfù:
Ọmọ mi, ẹsẹ̀ lásán la fi lọ iléèwé, a sì fi gbá bọ́ọ̀lù dé ìrọ̀lẹ́. Abebe Bikila ará Etiópíà, ẹsẹ̀ lásán ló fi gba góòlù eré Máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960. Ìwọ wọ bàtà, o tún ń ké. Fi omi gbígbóná jó o, fi òrí pa á, kí o máa bá eré ẹ lọ.

Ìyá Rahámà:
Alájì, ẹ rọra o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ tiro wọ mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tó kọjá.

Fátáì Kíné:
Kàrímù àbúrò mi, má sáré mọ́. Mi ò ní kí o dín in kù o, mo ní kí o dúró.

Ìrora tó bá tàn ká inú ẹran, tó ń dín kù lójoojúmọ́, ara ríro lásán ni. Èyí tí ìka kan ṣoṣo lè tọ́ka sí, tó wà lórí eegun, tó wú, tó ń padà wá lálẹ́, eegun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àwọn eegun gígùn tó lọ bá ìka kejì àti ìkẹta ni irú bàtà yìí máa ń bá jà jù. Kì í ṣẹ́ bí ìgbà tí èèyàn já bọ́ lórí zẹ́mù, ìyẹn ọ̀kadà. Ṣe ló máa ń sán, bí ìkòkò tó sán tó ṣì ń gba omi dúró. Tí o bá wá ń gbé e kaná lọ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ ibi tí yóò já sí.

Bàtà tí o ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀ á fi bíi mìlímítà 10 sí 12 ga ju iwájú lọ, ó sì ní fóòmù. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí o lè máa fi gìgísẹ̀ balẹ̀. Tí fóòmù yẹn bá lọ, gìgísẹ̀ á máa dun ni, ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú ẹsẹ̀ balẹ̀ láìmọ̀. Orúnkún á sinmi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíì ló gbé e: iṣan gìgísẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun, àti àwọn eegun tín-ín-rín iwájú ẹsẹ̀ yẹn. Ẹran máa ń tètè mọ́ nǹkan. Eegun kì í tètè mọ́ ọn. Tí ẹrù tuntun bá dé bá a, á kọ́kọ́ jẹ lára ara ẹ̀ kó tó mọ tuntun lé e, láàárín ìgbà yẹn kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lara máa ń yá wa, tí a ó ní ó ti mọ́ wa lára.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà gbé èsì iṣẹ́ kan jáde lórí sárésáré 36. Wọ́n fún 19 nínú wọn ní bàtà oníka márùn-ún, tí àtẹ́lẹ̀ tiẹ̀ náà fẹ́lẹ́ bíi tìrẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10. Nígbà tí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ẹsẹ̀ wọn, omi ti pọ̀ sí i nínú eegun àwọn 10, àmì pé ẹrù ti ń wọ eegun lọ́rùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe é o!

Alájì, ẹ má bínú sí mi. Bikila ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré kó tó dé Róòmù. Nígbà tó sì dé Tokyo ní 1964, bàtà ló wọ̀, ó tún gba góòlù, eré náà sì yá ju ti Róòmù lọ. Ilẹ̀ eléèpẹ̀ tí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ lásán rìn nígbà náà kọ́ ni pàfé, òkúta títẹ́ tí wọ́n tẹ́ sí àdúgbò wa báyìí.

Kàrímù, bàtà tí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ le ni kí o máa wọ̀ káàkiri, kí o sì lọ rí dókítà kí wọ́n ya fọ́tò eegun. Tí wọn ò bá rí nǹkan, má tíì yọ̀. Eegun tó sán kì í sábà hàn nínú fọ́tò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n lè ní láti tún un yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló sábà ń gbà kó tó jinná. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, tó bá jẹ́ lókè àárín ẹsẹ̀ nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ ìka kékeré ló ti ń dùn yín, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Àwọn eegun ibẹ̀ kì í tètè san.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fún un tàbí kó máa fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, mo mọ èyí tó mọṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n eegun tó sán kò kúrò ní àyè ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀?

Láyí, Kétu:
Èmi ń wọ bàtà pẹlẹbẹ o, ó sì bá orúnkún mi lára mu. Àmọ́ rírìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé àti lọ sọ́jà. Nígbà tó yá, mo ń fi sá ìwọ̀nba díẹ̀ níparí eré, bàtà àtijọ́ ni mo fi ń sá ìyókù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ilẹ̀ pupa rọ̀. Nígbà ọ̀yẹ́, tiwa ní Kétu le ju ọ̀dà lọ.

Tí iṣan gìgísẹ̀ bá ń dun èèyàn láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń yára jù nìyẹn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n dúró létí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kí n gbé ara sókè, kí n wá máa rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ gba mí láàyè kí n bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Tí eegun bá ń sán tí nǹkan oṣù náà sì ń fo oṣù, ẹ má kàn dá bàtà lẹ́bi. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ kò tó eré tí ẹ ń sá nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú.

Kàrímù, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n Fátáì. Mo fò lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan láàárọ̀ yìí, mi ò lè fò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀la ni mò ń lọ ya fọ́tò. Ṣé mo lè máa gun kẹ̀kẹ́?

Fátáì Kíné:
Má dán fífò yẹn wò mọ́ o! Kẹ̀kẹ́ dára, bí kò bá ti dùn ọ́. Àárín ẹsẹ̀ ni kí o fi tẹ pẹ́dà, má fi orí ìka tẹ̀ ẹ́. Tí o bá mọ omi wẹ̀, ìyẹn tún dáa jù. Ti Kútọnu yẹn, gbàgbé ẹ̀ lọ́dún yìí.

Kàrímù, Àjàṣẹ́:
Ó dáa, sà. Nọ́ńbà mi wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sá a. Mi ò gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Láyí, Kétu:
Mo fẹ́ ẹ. Ṣé wọ́n máa gbà ká yí orúkọ padà?