Kí ló pa topology àti iná mànàmáná pọ̀?

Ọmọ Ìgbónà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Físíìsì ni mò ń kọ́ níbí ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan sì ti gbà mí lọ́kàn. Lọ́dún 1980, ní Grenoble, von Klitzing ará Jámánì mú sílíkọ́ọ̀nù tó tutù rinrin, ó gbé e sínú òòfà tó lágbára. Ìdènà iná tó wọ̀n ní ìdábùú jẹ́ 25,812.8 ọ́ọ̀mù tí a fi odidi nọ́ńbà pín. Ìdọ̀tí wà nínú sílíkọ́ọ̀nù, síbẹ̀ iye náà kò yẹ̀. Wọ́n ní topology ló fà á, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo ohun tí kì í yí bí a bá tẹ nǹkan tàbí tí a fà á láìjá a. Báwo?

Olùkọ́ Ọ̀tà-Ẹ̀fún:
Àbúrò, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an. Wo ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́yìnkùlé, tó jẹko kiri títí okùn fi yí èèkàn po lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ewúrẹ́ bá ti dúró sójú kan, mi okùn yẹn bó o ṣe fẹ́, dẹ̀ ẹ́, fà á, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni. Àfi kí okùn já, tàbí kí èèkàn tu.

Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì Thouless, Kohmoto, Nightingale àti den Nijs bá pàdé nínú ìṣirò wọn lọ́dún 1982 nìyẹn: iye ìgbà tí ìgbì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yí po, béèyàn bá ká gbogbo momentum (ìwọ̀n ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù) inú kírísítálì tán. Nọ́ńbà Chern ni wọ́n ń pè é. Odidi ni, òun náà sì ni odidi tó o ní a fi pín yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sún nǹkan, odidi nọ́ńbà kì í sì í yí díẹ̀díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àlàfo agbára tó wà láàárín ìpele tó kún àti èyí tó ṣófo kò bá tíì pa dé, mìmì kan ò lè mì ín.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀:
Bí àlàfo bá wà, ṣebí iná ò lè kọjá nìyẹn? Ibo ló wá ń gbà?

Olùkọ́ Ọ̀tà-Ẹ̀fún:
Etí ló ń gbà, mà. Ibi tó wù mí jù rèé. Nínú, nọ́ńbà lè jẹ́ 1; níta, 0 ni. Kò sí bó ṣe lè ti 1 bọ́ sí 0 láìjẹ́ pé àlàfo pa dé níbì kan, etí gan-an ló sì ti ń pa dé. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ń sáré lọ sí apá kan ṣoṣo. Bó bá kan ìdọ̀tí, á yà á sílẹ̀ lọ, torí kò sí ọ̀nà àbọ̀ fún un. Onímọ̀ físíìsì kan, Haldane, fi hàn lórí ìwé lọ́dún 1988 pé nọ́ńbà yìí lè wà láìsí òòfà ńlá láti ìta. Òun, Thouless àti Kosterlitz ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel 2016.

Ọmọ Ìgbónà:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣírò ọ̀kan. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Ọ̀tà-Ẹ̀fún:
Àpẹẹrẹ ti àwọn onímọ̀ físíìsì Su, Schrieffer àti Heeger, 1979. Ẹ̀wọ̀n átọ́ọ̀mù ni, tí ìsopọ̀ oríṣi méjì, tí agbára wọn jẹ́ v àti w, ń tẹ̀ léra wọn. Mú bébà gíráàfù, ya òbìrìkìtì tí àárín rẹ̀ wà ní v, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ w. Bí w bá ju v lọ, òbìrìkìtì náà á ká òdo (ojúu 0 lórí gíráàfù) mọ́nú: ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, 1 nìyẹn. Bí v bá jù ú, òdo á bọ́ síta: 0 nìyẹn. Fara balẹ̀ wo ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba, ibẹ̀ ni àlàfo ti ń pa dé.