Ọrun ìtafà tí mo fi igi ọgbà ṣe ti parí, ẹ ṣeun

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ẹ rántí pé mo bi yín léèrè ìdí tí apá ìsàlẹ̀ ọrun tí mo gbẹ́ lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọgbà fi ń tẹ̀ jù, tí apá òkè sì le gbagidi.

Òótọ́ lẹ sọ, mo ti fá ìsàlẹ̀ jù. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Apá òkè ni mo ń fá, díẹ̀díẹ̀, níhà inú tó kọjú sí mi nìkan. Mi ò jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ẹ̀yìn ọrun rárá, torí ibi tí fọ́nrán igi bá ti gé níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Bí mo bá fá a díẹ̀, màá fà á bí ìgbà 20, màá gbé e kọ́ ara ògiri, màá sì jìnnà sí i wò ó. Ibi tí kò bá tẹ̀, màá fi èédú sàmì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nìyẹn gbà, mo sì gbádùn rẹ̀ ju gígé igi lọ.

Ẹni tó ní kí n jẹ́ kí ojú kókó igi nípọn díẹ̀, ẹ kú làákàyè. Ibẹ̀ gan-an ni ọrun mi àkọ́kọ́ ti ṣẹ́.

Ohun kan ṣì dùn mí: igi náà kò tíì gbẹ dáadáa kí n tó so ọsán (okùn ọrun) mọ́ ọn, kò sì nà tán mọ́ bí mo bá tú u. Igi mìíràn ti ń gbẹ lábẹ́ òrùlé, mo fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì kó má baà là.

Ìbéèrè mi ti tán. Ẹ ṣeun gan-an ni.