Ibùdókọ̀ rélùwéè tó ń jẹ́ Hell: ẹ gbà mí lọ́wọ́ màmá mi

Arìnká: Ẹ kú ilé o. Trondheim ní Nọ́wè ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi pè mí lórí fídíò nígbà tí mo wà nínú rélùwéè tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Bí a ṣe dúró ní ibùdókọ̀ kékeré kan, pátákó rẹ̀ bọ́ sójú fóònù: HELL, gàdàgbà! Màmá lọgun, "Kí ni mo rí yẹn? Má sọ̀ níbẹ̀ o!" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mi ò rí àlàyé ṣe. Wọ́n tún kọ "Gods-expedition" sára ilé wọn àtijọ́. Òrìṣà wo ló ń rìnrìn àjò lọ sí ọ̀run àpáàdì?

Bàbá Ìbejì: Òrìṣà kọ́, ẹrù ni! "Gods" lédè wọn ni ẹrù tí rélùwéè ń kó. Ilé yẹn ni wọ́n ti ń gbà á, tí wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Àkọtọ́ àtijọ́ ni. "Godsekspedisjon" ni wọ́n ń kọ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì tó ti wọ̀ wá lára ló ń dà wá láàmú.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Inú "hellir" lorúkọ yẹn ti wá, èdè àwọn baba ńlá wọn: ihò abẹ́ àpáta, níbi tí òkúta ti yọ orí síta bí ìbòòji. "Helvete" ni wọ́n ń pe ọ̀run àpáàdì. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé "hell" lẹ́nu wọn lónìí, oríire ni! Tí wọ́n bá ní "uhell", jàǹbá nìyẹn. Ẹ sọ fún màmá pé ibùdókọ̀ Oríire lẹ kọjá.

Ẹlẹ́rù Díẹ̀: Ibẹ̀ ni ojú irin ti pín sí méjì: ọ̀kan gba àríwá lọ sí Bodø, èkejì gba Meråker lọ sí ẹnubodè Sweden. Mo dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ lóṣù January. Iná wo? Irùngbọ̀n mi gan-an di yìnyín.

Arìnká: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe màmá, mo ti ṣàlàyé tán. Wọ́n dákẹ́ lọ títí. Wọ́n ní oríire náà dáa, àmọ́ bọ́ọ̀sì ni kí n máa wọ̀ lọ pápákọ̀.